Aláàánú àti Ife Pupa Mẹ́wàá

Aláàánú ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé kò sí ohun tí kì í ṣe é láàánú.

Á sọ fún ìgbálẹ̀ pé, "Pẹ̀lẹ́ o, o ti ṣiṣẹ́ jù."

Bí bàtà bá já, á wé báńdéèjì mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan tí iléèwé wà ní ìsinmi, Aláàánú tẹ̀lé màmá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ìwádìí ohun ọ̀gbìn ni iṣẹ́ màmá rẹ̀. Gíláàsì ni òrùlé yàrá iṣẹ́ náà. Inú ibẹ̀ móoru. Ewé lọ́tùn-ún, ewé lósì, ewé níwájú!

Ife pupa mẹ́wàá wà lórí tábìlì kan. Ẹ̀wà kan ti hù nínú ife kọ̀ọ̀kan.

"Má fún àwọn wọ̀nyí lómi o," ni Màmá wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè fara da òùngbẹ. Tí wọ́n bá lè fara dà á, àgbẹ̀ á lè gbìn wọ́n síbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Màmá wọ yàrá kejì.

Aláàánú wo àwọn ẹ̀wà náà. Gbogbo wọn sorí kọ́.

"Ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín ni?"

Wọn ò dáhùn.

"Ó ń gbẹ yín kẹ̀!"

Ó ṣí ìgò omi rẹ̀. Tó, tó, tó. Ó kan ife kejì. Tó, tó, tó. Ó ń bá a lọ, títí omi fi tán nínú ìgò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún padà wá. Àwọn ẹ̀wà náà dúró ṣánṣán!

Bùọ̀dá Rúlà ló kọ́kọ́ rí wọn. Òun ló máa ń wọn ewé fún Màmá.

"Ọ̀gá, ẹ wá wò ó! Òùngbẹ ò rí wọn gbé ṣe!"

Màmá pàtẹ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Má fi rúlà wọn ijó mi o!" ó wí, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Aláàánú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìgò omi rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

Màmá ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú bírò. "Ẹ̀wà yìí lágbára…"

"Màmá, ẹ dúró."

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Èmi ni mo fún wọn lómi."

Bírò dúró. Rúlà dúró. Ijó tán.

Màmá jókòó. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dun Aláàánú jù.

"Ọjọ́ méjìlá ni mo ti ń ṣọ́ wọn," ni Màmá wí jẹ́jẹ́.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Aláàánú sunkún títí.

"Àánú wọn ló ṣe mí. Ẹ má bínú, Màmá."

"Mo mọ̀. Ká ní o ò sọ ọ́ ńkọ́? Àgbẹ̀ ì bá gbìn wọ́n sílẹ̀ gbígbẹ, gbogbo wọn ì bá kú. Ìwé mi kì í purọ́. Wá ya ohun tó o ṣe síbí."

Aláàánú ya ẹ̀kán omi kan fún ife kọ̀ọ̀kan. Ó ya mẹ́sàn-án. Ó wá dúró.

"Màmá, omi mi ò dé ọ̀dọ̀ ìkẹwàá."

Wọ́n wá a. Ẹ̀yìn garawa kan lórí tábìlì náà ló wà. Ewé rẹ̀ ti gbẹ bíi bébà.

"Èyí ti kú," ni Bùọ̀dá Rúlà wí.

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù," ni Màmá wí. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Wọ́n dúró títí ọjọ́ tí Màmá ti dá láti fún un lómi fi pé. Màmá na ìgò sí Aláàánú.

"Ṣé kí n fún un, Màmá?"

"Fún un."

Tó, tó, tó.

Ọjọ́ kan kọjá. Kò sí nǹkan. Ọjọ́ kejì. Kò sí nǹkan.

Ọjọ́ kẹta… "Màmá! Ẹ wo ìdí rẹ̀!"

Ewé tuntun kan ti yọ lábẹ́ ewé gbígbẹ. Kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Bùọ̀dá Rúlà mú rúlà rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ó kéré jù fún rúlà mi!"

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: Ó gbẹ. Ó tún hù.

Òótọ́ sì ni.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbin ẹ̀wà mẹ́sàn-án mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Aláàánú bá wọn kó iyẹ̀pẹ̀.

Nígbà tó ń kọjá lọ́dọ̀ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ó rọra sọ pé, "Ẹ má bínú o, omi mi ló ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Ó sì dé ìgò omi rẹ̀ pinpin.