Ẹni Tó Ń Ka Kábọ̀nù

Ẹ má rò pé mo ń parọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí sì wà láàyè.

Ìyá Ìgò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí òun ló ń tọ́jú yàrá tí wọ́n ń kó ìgò kẹ́míkà sí. Òun náà ló ń fún wọn lórúkọ. Orúkọ kẹ́míkà kì í ṣe ohun téèyàn ń hùmọ̀. Ó lófin. Wàá wá okùn tó gùn jù tí àwọn kábọ̀nù inú kẹ́míkà náà so kọ́ra ṣe. Wàá kà á láti ìparí tí ẹ̀ka rẹ̀ sún mọ́ jù. Nọ́ńbà ibi tí ẹ̀ka náà so sí, òun ni wàá kọ sáàárín orúkọ.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń bá a ṣiṣẹ́. Bí àbúrò bá ń kà, á máa fi èékánná gbá ara ìgò. Kó. Kó. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ti ìgò yìí, bẹ́ ẹ bá ṣì í sọ, àwa ló máa rò o." Wọn a jọ rẹ́rìn-ín.

Àfi ọjọ́ tí Ìyá Ìgò ṣì í sọ. Nọ́ńbà kan péré. Kẹ́míkà tó ń jẹ́ pentan-2-ol ló wà nínú ìgò, ó kọ pentan-3-ol sí i lára. Àwọn méjèèjì mọ́ gaara bí omi. Ojú lásán ò lè dá wọn mọ̀. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta tí Ọ̀gá wọn ń fi kẹ́míkà náà ṣe bá bàjẹ́ pátápátá.

Ọ̀gá pè wọ́n jọ. "Ta ló kọ orúkọ yìí?"

Ìyá Ìgò wolẹ̀. Àbúrò wò ó. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Àìfọhùn náà ń fọ́. Ìyá Ìgò ò tètè mọ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí àbúrò máa lọ sílé.

Kò bínú. Kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Kó tó pé ọdún, àìsàn mú un, ó sì kú. Wọ́n sin ín tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì sọ "má bínú" fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Ìgò ṣí yàrá ìgò. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà, àpò rẹ̀ ló sì wà. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgò ọjọ́sí, tí wọ́n ti sọ nù, dúró lórí pẹpẹ. Wọ́n ti fa ìlà sórí 3. Wọ́n kọ 2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án. Íńkì náà ṣì tutù.

Ó jáde, ó tilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ọ láti inú yàrá.

Kó. Kó.

Ó dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta. Kò dún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, bẹ́ẹ̀ ló ń dún. Oúnjẹ kọ̀ ọ́, oorun kọ̀ ọ́. Níkẹyìn, ó kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, èmi ni mo kọ ọ́. Kì í ṣe àbúrò mi."

Ọ̀gá ò gbójú sókè. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Ọdún mẹ́tàlá lẹ ti ń bá mi ṣiṣẹ́. Ṣé mi ò ní dá ìkọ̀wé yín mọ̀ ni?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi lé e?"

"Òun ló wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun ni òun kọ ọ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ lọ́mọ tẹ́ ẹ ń bọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ó rọ̀ mí lọ́rùn, mo bá gbà á bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ìgò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹkún tí kò lè sun lójú sàréè, ibẹ̀ ló ti sun ún. Ó wá sọ pé nǹkan kan ń dún nínú yàrá ìgò.

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ó wí. "Lẹ́yìn náà, á dákẹ́."

"Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ?"

"Láti ọjọ́ tá a ti sin ín. Kì í ṣe níbí o. Ilé mi ni. Lára fèrèsé."

Wọ́n jọ lọ ṣí yàrá ìgò. Ìgò ọjọ́sí ò sí lórí pẹpẹ mọ́. Ìyá Ìgò kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ní, "Ọmọ ìyá mi, má bínú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fọ ife nílé, ó gbọ́ kó-kó náà lára gíláàsì fèrèsé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣí fèrèsé gbayawu.

"Wọlé," ó wí.

Atẹ́gùn ò fẹ́. Kò sẹ́ni tó wọlé.