Ohun Tí Ẹ̀rọ Kọ́ ní Yàrá Ẹ̀yìn

Lábẹ́ ọ̀run gbalasa, lọ́sàn-án gangan, ẹ̀rọ náà ní gáàsì inú afẹ́fẹ́ ìta kò ju àádọ́fà lọ nínú mílíọ̀nù kan. Tíṣà pòṣé. Kò sí ibì kan láyé tí iye náà ń wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, irinwó ló yẹ kó kà. Ẹ̀rọ kẹta rèé tí yóò ya wèrè mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Obìnrin náà ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ tí ń wọn èémí inú yàrá ló ń ṣe báyìí, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ gbé ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta wọ yàrá ẹ̀yìn kan lọ́jọ́ náà. Ayálégbé tó kó jáde níbẹ̀ sọ pé àràárọ̀ ni orí ń fọ́ òun. Nítorí náà, lóṣù tó kọjá, Tíṣà gba kọ́kọ́rọ́, ó gbé ẹ̀rọ mẹ́ta kọ́ sára ògiri, ó ti yàrá òfìfo náà pa fún oṣù kan. Nígbà tó lọ kó wọn jáde lánàá, irinwó ni gbogbo wọn kà. Ó ti sọ fún àbúrò rẹ̀ pé yàrá mọ́.

Kò sí idán nínú ẹ̀rọ yìí. Nínú ihò tóóró kan, iná tí ojú kò lè rí ń tàn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, gáàsì tí à ń mí síta, a máa gbé iná yẹn mì. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni iná tó dé òdìkejì yóò ṣe kéré tó. Ṣùgbọ́n iná a máa rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ ń tún ara rẹ̀ tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: iye tó kéré jù tó bá rí, ó gbà pé ti afẹ́fẹ́ ìta ni, á sì pè é ní irinwó, torí kò sí yàrá tí kì í ṣófo nígbà kan, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì dà bíi ti ìta.

Pẹ̀lú ìbínú, Tíṣà padà sí ọ̀nà tó fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Ó lọ ṣí yàrá òfìfo náà, ó fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ sínú àpò rọ́bà, ó tún ilẹ̀kùn tì, ó gbé àpò náà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gba inú omi ẹfun tó mọ́ gaara, omi tí gáàsì náà máa ń sọ di funfun. Kí ó tó ṣẹ́jú, omi ti funfun bíi wàrà. Ó fi afẹ́fẹ́ ìta ṣe bákan náà. Omi kò yí padà.

Ẹ̀rọ kankan kò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n kọ́. Odidi oṣù kan ni nǹkan fi ń mí nínú yàrá náà, kò jáde rárá, wọ́n sì ka èémí rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ ìta.

Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù pé kí wọ́n dá ẹrù padà. Ohùn ẹni tí kò rí oorun sùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àbúrò náà fi dá a lóhùn.

“Àǹtí mi, ẹ̀yin náà kúkú ni. Lánàá ẹ ní yàrá mọ́, lónìí ẹ ní ká má wọ̀ ọ́. A ti wọlé. Ẹni tẹ́ ẹ ní kó máa ṣọ́ ọ ló ṣílẹ̀kùn fún wa látinú.”

“Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ. Gbé ọmọ, kó o jáde.”

“Ọwọ́ ẹ̀ lọmọ wà.” Ohùn àbúrò rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. “Àǹtí, kí ló dé tó ń fi imú ti imú ọmọ?”

Tíṣà ti ń sáré. Nínú fóònù, ó ń gbọ́ èémí méjì, kékeré kan, gígùn kan. Nígbà tó fi dé kọ́nà, ọ̀kan ló kù.