Gálílì Tó Ní Omi

Láàárọ̀ Mọ́ńdè ọdún Àjíǹde, Tíṣà Josephine ń ṣa ọsàn sínú àpò fún Jesse, ọmọ rẹ̀. Ní Fìdítì, ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi máa ń lọ sí Gálílì: wọn á gbé oúnjẹ lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìlọrà, wọn á kọrin, wọn á ṣeré, wọn á padà sílé nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn kò lọ sórí koríko mọ́. Ẹnu Jesse ló mú jù.

"Màmá, Gálílì ti Jésù, omi ló wà níbẹ̀. Ti ẹ̀yin, ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀."

Josephine rẹ́rìn-ín. Opó ni, Jesse nìkan ló sì bí.

Erékùṣù kan létí òkun ni wọ́n ń lọ. Kànga àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn ẹrú ti mu omi kẹ́yìn kí wọ́n tó kó wọn wọ ọkọ̀. Ìjàpá òkun máa ń wá yé ẹyin sínú iyanrìn ibẹ̀, àwọn èrò ìgbafẹ́ sì máa ń wa ọkọ̀ kékeré lórí ìgbì. Ìjàpá yẹn ni Jesse fẹ́ rí. Ó ti ń sọ ọ́ láti kékeré.

Olúbọ̀dé, aṣáájú àwọn ọ̀dọ́, ló padà wá ròyìn bí ọjọ́ náà ṣe rí. Wọ́n dúró ní ìdí kànga náà, wọ́n wo inú rẹ̀. Wọ́n rí ipa ẹsẹ̀ ìjàpá lórí iyanrìn, wọn kò rí ìjàpá fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n lọ sídìí ọkọ̀. Ẹ̀wù ìléfòó, èyí tí í mú ènìyàn dúró lójú omi, kò kárí. Ọlọ́kọ̀ bá béèrè pé, "Ta ló mọ odò wẹ̀ nínú yín? Kó bọ́ tiẹ̀ fún ẹlòmíì."

Jesse, tó ti ń wẹ odò ẹ̀bá Akínmọ̀ọ́rìn láti ọmọdé, nawọ́. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fún Ọlámidé, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Nígbà tí wọ́n dé ojú òkun, ìgbì dojú ọkọ̀ dé. Ọlámidé léfòó. Jesse kọjú sí èbúté, ó ń wẹ̀ tagbára tagbára, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé. Omi tó ń padà sínú òkun ń fà á sẹ́yìn, títí agbára fi tán nínú rẹ̀.

Àwọn olùbánikẹ́dùn kún ilé. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́kọ̀ pàápàá fi í ránṣẹ́. Nígbà tí Olúbọ̀dé náà sọ ọ́, Josephine dá a dúró.

"Olúbọ̀dé, má di ẹrù yẹn ru Ọlọ́run. Ẹ̀wù ni kò kárí. Ọlọ́run kọ́ ló ní kí ọkọ̀ gbéra."

Olúbọ̀dé doríkodò. "Mo wà níbẹ̀, mà. Mi ò sọ̀rọ̀."

"Nígbà náà, wá lọ sọ ọ́ nísinsìnyí."

Ó bá a lọ. Wọ́n sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn tí ìjọba fi ṣọ́ ojú omi. Ìjọba ti ibùdókọ̀ ojú omi náà pa, títí ọlọ́kọ̀ fi ra ẹ̀wù tí yóò kárí.

Nígbà tí Àjíǹde mìíràn ń bọ̀, àwọn àgbà ìjọ ní kí wọ́n padà sí pápá Ìlọrà, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ omi mọ́. Josephine dìde.

"A ó lọ. Ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ yẹn náà la ó lọ. Pétérù apẹja ni, síbẹ̀ ó ń rì. Ẹ so ẹ̀wù yín mọ́ àyà kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀. Bí òkun bá ń fà yín lọ, ẹ má bá a jà, ẹ má kọjú sí èbúté. Ẹ wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa tẹ̀lé etí òkun títí yóò fi tú yín sílẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ léfòó, kí ẹ nawọ́ sókè. Ọmọ mi ò mọ èyí. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ẹ̀wù pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn ọ̀kan ti já. Ọlọ́kọ̀ ò dá Josephine mọ̀.

"Ẹ̀bá ibí náà la ń lọ, Màmá. Ta ló mọ odò wẹ̀ nínú wọn?"

Josephine wọ ọkọ̀, ó jókòó síwájú, kò sì jẹ́ kí wọ́n ti ọkọ̀ náà sínú omi. "Odò ni ọmọ mi mọ̀ wẹ̀. Òkun lẹ gbé e lọ."

Ọlọ́kọ̀ wò ó lójú. Ó rán ènìyàn lọ mú ẹ̀wù mìíràn.

Oòrùn mú. Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn wọn ń pòṣé. Ọ̀kan ní, "Ṣé ẹ̀wù ni yóò gba ọkàn wa là ni?"

"Jésù ni yóò gba ọkàn rẹ là," ni Josephine wí. "Ara rẹ ni ẹ̀wù wà fún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dúró. Ẹ̀wù dé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó rí wọn: àwọn ọmọ ìjàpá òkun ń wọ́ jáde nínú iyanrìn, wọ́n kọjú sí omi. Josephine bó ọsàn kan, ó sì ń wò wọ́n títí èyí tó kẹ́yìn fi wọ inú ìgbì. Àwọn wọ̀nyí ni a bí mọ́ òkun.

A kò bí ìwọ mọ́ ọn. Lọ wo erékùṣù, lọ wo kànga àwọn baba wa, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ létí ọkọ̀ pé ṣé o mọ odò wẹ̀, má dá a lóhùn. Ìwọ ni kó o bi í pé: ẹ̀wù tèmi dà?