Ọwọ́ Tó Tú Bóòtù Kilọ́ọ̀ṣì

"Bàbá ẹ ti sọ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi di aboyún," ni Ọmọ́lẹ́wà wí, àwọn ọmọbìnrin tó yí i ká sì bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn yòókù á ti fò lọ, tiwa á ṣì máa rọra dìde."

Fúnmiláyọ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì í. Kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì wà ní Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mẹkáníìkì kan ní àdúgbò Àílégùn ni òun, Ọmọ́lẹ́wà sì jẹ́ àbúrò Mùktárù, ọ̀dọ́ kọngílá tí owó epo sọ di ọlọ́lá. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni, lọ́dún 1977. Wọ́n péjọ sí títì tuntun kan ní Òṣòdì tí ìjọba kò tíì ṣí, níbi tí àwọn olówó ti ń fi ọkọ̀ sáré ìje.

Ògúnjìmí, bàbá Fúnmiláyọ̀, ló tún ọkọ̀ Mùktárù ṣe. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ju ṣáàfù lọ, ìyẹn irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn. Bí kilọ́ọ̀ṣì tó ń so wọ́n pọ̀ bá gbá mú lójijì, irin náà lè ṣẹ́. Ìdí nìyí tí Ògúnjìmí fi fi bóòtù kékeré kan dín ojú páìpù òróró kilọ́ọ̀ṣì kù. Bí awakọ̀ tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, òróró á rọra padà, kilọ́ọ̀ṣì á sì rọra mú, bí ìgbà tí ìyá ń tẹ́ ọmọ tuntun sórí ẹní. Fúnmiláyọ̀ nìkan ni Ògúnjìmí fi bóòtù yìí hàn, Fúnmiláyọ̀ sì sọ ọ́ fún Ọmọ́lẹ́wà láti fi gbèjà bàbá rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n tú?" Ọmọ́lẹ́wà bi í. "Tú u, kó o wá jókòó tì wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má bá wa rìn mọ́."

Nígbà tí Ògúnjìmí, tó bá wọn wá tọ́jú ọkọ̀ náà, lọ bu omi, Fúnmiláyọ̀ ki ọwọ́ bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló yí bóòtù náà.

Wọ́n ju áńkáṣífù sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ìje, Mùktárù gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kilọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ náà ta bí ẹran tí ọta bà. Gbàù! Ṣáàfù ṣẹ́, ó la ilẹ̀ ọkọ̀ wọlé, ó sì fọ́ egungun ẹsẹ̀ Mùktárù.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ́ Ògúnjìmí síwájú ọkọ̀. "Kí lo ṣe sí ọkọ̀ yìí?"

Ògúnjìmí wo bóòtù náà. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó dákẹ́.

Wọ́n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí ọ̀dà títì tí oòrùn ti mú gbóná, wọ́n sì fi irin jáàkì lù ú títí ìka mẹ́ta fi rún. Fúnmiláyọ̀ la ẹnu, ṣùgbọ́n Ọmọ́lẹ́wà fún un lápá: "Sọ̀rọ̀, kó kàn ẹ́." Ó pa ẹnu dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kó tó lè sọ ọ́. "Bàámi, èmi ni mo tú u."

"Mo mọ̀. Èmi àtìẹ nìkan la mọ bóòtù yẹn. Ká ní mo dárúkọ rẹ, ọwọ́ ta ni wọn ì bá fọ́?"

Àwọn àgbà ní bí iná bá jóni tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ti ọmọ rẹ̀ ni Ògúnjìmí kọ́kọ́ gbọ̀n.

"Ẹ forí jì mí, Bàámi."

"Mo ti dárí jì ọ́." Ó yí ojú sí ògiri. "Ṣùgbọ́n ìdáríjì kò ní mú kí ìka mi tún ká mọ́ sípánà."

Lọ́jọ́ kejì, Fúnmiláyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú Mùktárù, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mùktárù pe àbúrò rẹ̀.

"Irọ́ ni, bọ̀dá mi," ni Ọmọ́lẹ́wà wí láìṣẹ́jú. "Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ bóòtù."

Mùktárù rẹ́rìn-ín kíkorò. "Ògúnjìmí ti ń rán ọmọ ẹ̀ wá purọ́. Ẹ tì í síta!"

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ wá fún Ògúnjìmí mọ́ ní gbogbo Àílégùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rẹ́ tó bá ní kẹ́ ẹ ba iṣẹ́ òbí yín jẹ́ kò ní bá yín pín nínú ìyà rẹ̀. Òtítọ́ sì ní àkókò tirẹ̀. Ìgbà tí irin jáàkì ṣì wà lókè ló yẹ kí Fúnmiláyọ̀ sọ ọ́. Ìgbà tó wá sọ ọ́, kò rí ìka kankan gbà là.