Àbùdá Tá A Jọ Jogún

Ọkùnrin gíga kan ni ọmọbìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ rí nígbà tó wọ yàrá àyẹ̀wò. Ọkùnrin náà la ẹnu sórí ìgò kékeré, itọ́ kọ̀, kò wá. Ìyẹ̀fun pákó kún irun rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọmọbìnrin náà lẹ́nu.

"Ẹ ronú nípa ọsàn kíkan," ó ní.

Kíá, ìgò kún. "Ẹ ṣeun, dókítà."

"Aránṣọ ni mí."

"Káfíńtà lèmi. Téèpù la jọ fi ń wọn iṣẹ́ wa nìyẹn!"

Àwọn olùwádìí ló fẹ́ fi itọ́ ka àbùdá tí oníkálukú jogún lára òbí. Káfíńtà fẹ́ mọ ohun tó fọ́ bàbá rẹ̀ lójú. Nígbẹ̀yìn, wọn ò rí nǹkan kan sọ fún un. Ti aránṣọ, jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pín àkọsílẹ̀ òun fún àwọn olùwádìí yòókù.

Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára kí èsì tó dé. Ọjọ́ tó dé, aránṣọ ò gbé fóònù mọ́. Káfíńtà wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Olólùfẹ́ mi, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó pa ìyá mi lè ṣe èmi náà. Wọ́n ní kí n máa wá fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Lọ fẹ́ ẹlòmíì."

"Torí àyẹ̀wò lo ṣe ń lé mi? Èmi ni màá máa sìn ọ́ lọ."

Aránṣọ sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, gbọ́ èsì náà àti pé wọ́n ti ń pín in, ó fárí gá. "Ohun tó wà lára rẹ lè wà lára mi! Ọmọbìnrin méjì ni mo bí. Báyé bá gbọ́, ta ni yóò fẹ́ wọn? Lọ gba àkọsílẹ̀ yẹn padà kó o tó mú ọkùnrin kankan wá bá mi."

Ó lọ. Àwọn olùwádìí ní àwọn ò ní pín in mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ, bí ò tiẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ nínú, kò ṣeé gbà padà. Ì bá purọ́ fún ẹ̀gbọ́n pé òun ti gbà á padà, kò purọ́. Òun àti káfíńtà jọ lọ bá a; aránṣọ kúnlẹ̀, káfíńtà dọ̀bálẹ̀, aránṣọ sì sọ òótọ́ fún un.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi yín."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí káfíńtà. "O ṣì ń fẹ́ ẹ? Bí àìsàn bá dé ńkọ́?"

"Mo ń fẹ́ ẹ, sà. Bó bá dé, a ó tètè rí i, a ó jọ tọ́jú rẹ̀. Màmá yín ò rí irú àǹfààní yẹn."

Omi lé ròrò sí ẹ̀gbọ́n lójú.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ń gba èèyàn níbi àyẹ̀wò yẹn? Kí wọ́n yẹ èmi náà wò. Àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ pín tèmi fún ẹnì kankan o!"

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn," àbúrò rẹ̀ ní. "Tiyín ni."

"Ó dáa. Ẹ dìde, ẹ jókòó. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣègbéyàwó?"

Aránṣọ na ọwọ́ lábẹ́ tábìlì, ó di ọwọ́ káfíńtà mú pinpin. Ẹ̀gbọ́n rí wọn, ó ṣe bí ẹni tí kò rí.