Ewé Ìbùkún ní Ilé Màlúù Eusèbe

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi Ìmọ̀-ọ̀pẹ ni Eusèbe Tardivat bá ọ̀kan nínú màlúù rẹ̀ nílẹ̀, ó ti gan. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Koríko ṣì wà láàárín eyín rẹ̀, àfi bíi pé ẹnìkan pè é nídìí oúnjẹ tó sì dáhùn. Ní Ọjọ́bọ̀, ìkejì kú. Ní ọjọ́ Ẹtì tí a ń rántí ikú Jésù, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì kì í dún ní Sangerolle, abúlé wa, ìkẹta tún kú. Ó wá ku ẹyọ kan, Fauvette, tí ọmọbìnrin Eusèbe kékeré ń mu wàrà rẹ̀.

Òwìwí kan ń ké lórí òrùlé ilé màlúù náà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn. Gbogbo abúlé gbọ́ ọ, wọ́n sì ti mọ ẹni tó rán an.

Léonide ni. Ìyàwó Fulbert, ẹ̀gbọ́n Eusèbe, ni. Fulbert lọ sójú ogun ní ọdún 1914, kò padà wá, láti ìgbà náà ni opó rẹ̀ kò ti tẹ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó ń gbé ìparí abúlé, nínú ilé tí bàbá ọkọ rẹ̀ kọ́, òun àti ewúrẹ́ méje tó ń fi wàrà wọn ṣe wàràkàṣì. Ẹ̀sùn tó wúwo jù lọ́rùn rẹ̀ ni pé kò sí ọ̀kankan tó kú nínú wọn.

Lọ́jọ́ Ìmọ̀-ọ̀pẹ, gbogbo wa la máa ń gbé ewé tí fadá ti bù kún lọ sílé, tí a ó gbé kọ́ sí ilé ẹran kí ibi má baà wọlé. Lókè ilẹ̀kùn ni ọ̀pọ̀ ń fi tiwọn sí. Eusèbe, tí ẹ̀rù máa ń bà ju gbogbo wa lọ, so ìdì kọ̀ọ̀kan mọ́ òpó màlúù kọ̀ọ̀kan. Ilé ewúrẹ́ Léonide nìkan ni kò sí ewé. Ilé tó ní ààbò ni ikú wọ̀, ẹran ilé tí kò ní ààbò sì ń fò kiri. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò ní ẹ̀rí wo la tún ń wá.

Eusèbe sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, Noémie, nídìí ọbẹ̀.

“Ìyàwó Fulbert ló ń jẹ wá.”

“Kí ló fẹ́ fi òkú màlúù ṣe?”

“Inú ló ń bí i. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ gba ilé bàbá mi.”

Noémie gbé ṣíbí sílẹ̀. “Èmi tí mò ń sùn tì ọ́ ò mọ̀. Ta ló wá sọ fún un?”

Eusèbe dìde nídìí ọbẹ̀. Ó gba ilé Léonide lọ, ó bá a níbi tó ti ń fún wàrà, ó sì bi í pé, “Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?” Léonide kò dìde.

“Ẹ̀yin tí ẹ gbé ewé,” ó ní, “ẹ lọ bi ewé yín.”

Gbólóhùn yẹn ló parí ọ̀rọ̀ náà létí abúlé. Wọ́n ní ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, Casimir, ọkùnrin tó ń tú èèdì, gun ìbaaka rẹ̀ kọjá odò wá. Ó kọ́kọ́ yà nílé ọtí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Nígbà tó dé ilé màlúù, ó di ojú, ó ní òun rí obìnrin kan, ìbátan, nínú ilé kan ní ìparí abúlé. Ó ní ewé ilé màlúù náà kéré, ó sì jìnnà sí ẹran: kí wọ́n dì í nípọn, kí wọ́n so ó sórí ibùjẹ ẹran gan-an. Bí obìnrin náà bá ṣì wà ní abúlé tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde, Fauvette náà yóò lọ.

Eusèbe gba ìyókù ewé ìbùkún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó so ó bó ṣe wí. Wọ́n pinnu pé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì, wọn yóò kó ẹrù Léonide sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin.

Ní ọ̀sán Sátidé náà, Noémie wọ ilé màlúù láti gbálẹ̀. Ó wo òpó àkọ́kọ́: okùn nìkan ló kù. Òpó kejì, okùn nìkan. Òpó kẹta, okùn àti ẹ̀ka tó ti pá. Ti Fauvette nìkan ló pé, torí okùn ọrùn Fauvette kúrú, ẹnu rẹ̀ kò tó òpó. Ó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn. Fauvette ti na ahọ́n sí ewé tuntun tó wà lórí ibùjẹ. Noémie fi ara bo ewé náà, ó já a bọ́.

Ó jókòó lórí àpótí, ó ń wò ó. Ọ̀pẹ kì í hù lọ́dọ̀ wa; ewé búì, igi kúkúrú kan tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀, ni a máa ń gbé lọ́dọọdún, láti ara igbó búì iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé búì náà ní ìgbà òtútù kí wọ́n lè rí àyè fún òkúta tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú sógun sí. Alágogo ṣọ́ọ̀ṣì wá lọ gé ẹ̀ka igi dúdú inú itẹ́ òkú dípò. Odi yí itẹ́ náà ká, nítorí ọmọdé pàápàá ní Sangerolle mọ̀ pé ẹran tó bá wọ ibẹ̀ yóò kú: àwọn òkú kò fẹ́ pátákò lórí wọn.

Ṣé àwọn òkú ló ń pa ẹran, àbí igi náà?

Lọ́jọ́ Àjíǹde, kẹ̀kẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà Léonide, àwọn èèyàn ti pé. Noémie gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú ewé náà, ó gbé e síwájú ìbaaka Casimir. Ìbaaka na ọrùn. Casimir fa ìjánu tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ẹran náà lẹ́nu.

“Ó ti yó,” ó ní.

“Ewé ìbùkún ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní ká gbé e sẹ́nu màlúù mi.”

Noémie wá ka òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn, ó sì sọ bí wọ́n ṣe gé búì tí wọ́n fi igi itẹ́ òkú rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó dé orí odi itẹ́ òkú, alágogo ṣí fìlà rẹ̀, fadá sì ń wo bàtà ara rẹ̀.

Léonide wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ra wọn fún ìrìn àjò. Eusèbe lọ bá a, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ilé náà mọ́.

“Ta ló gé búì yẹn?” Léonide bi í.

“Èmi ni.”

“Nítorí kí ni?”

“Kí orúkọ Fulbert lè rí ibi dúró.”

Léonide wo òpópónà títí dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí òkúta náà wà, tí kò tíì lọ wò rí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn ewúrẹ́ àkọ́kọ́.

Eusèbe gbin búì mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ òkúta náà. Ìwọ̀n oríkèé ìka kan ló ń ga lọ́dún. Títí yóò fi tó gé, ọwọ́ lásán là ń gbé sókè ní Sangerolle lọ́jọ́ Ìmọ̀-ọ̀pẹ.