Ogún Wáyà Nínú Píánò Màmá

Ogún wáyà ló já nínú píánò náà. Wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí irun tí a kò yà.

Àǹtí Píánò dúró tì í, ó káwọ́ lérí. Kò tíì pé oṣù kan tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, tó kó irinṣẹ́ sínú ọkọ̀, tó ń lọ tún píánò ṣe fún oníbàárà nílé wọn. Ilé Màmá ni àkọ́kọ́, àná ló sì parí iṣẹ́ lórí píánò rẹ̀. Bí wọ́n bá ní òun ló bà á jẹ́, ta ni yóò tún ṣílẹ̀kùn fún un?

"Ó fa àwọn wáyà náà le jù ni," ọmọkùnrin Màmá sọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣebí mo ní kí ẹ ta pákó yìí?"

Ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń káàánú. Àǹtí Píánò fura sí i.

"Màmá, ìgbà wo lẹ tẹ píánò yìí gbẹ̀yìn?"

"Àárọ̀ yìí, ọmọ mi. Ó ń dún geere. Ìgbà tí mo padà débẹ̀ lọ́sàn-án ni mo bá a báyìí."

"Ta ló wọ yàrá yìí láàárín ìgbà náà?"

"Ọmọ mi yìí. Ọ̀gá rẹ náà yà wá kí mi. Mo lọ po tíì fún un."

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àǹtí Píánò nu ojú, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú píánò. Ẹnu wáyà tẹ́ pẹrẹsẹ: ẹ̀mú ló gé wọn. Ó fọwọ́ kan àwọn ìṣó tí wáyà wé mọ́. Wọ́n ti yí gbogbo wọn sẹ́yìn kí wáyà lè dẹ̀.

"Bùọ̀dá, ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ gé e, báwo lẹ ṣe máa ṣe é?"

"Kí ló le níbẹ̀? Màá kàn fi ẹ̀mú gé e ni!"

Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà. Kò sí àpá kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wáyà tó le máa ń na ẹni tó bá gé e. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Bàbá náà dé, ó wo inú píánò, ó mi orí.

"O fà á jù. Mo sọ fún ẹ pé o ò tíì tó dá dúró."

"Ọ̀gá, wáyà tó bá já tàbí tí wọ́n gé nígbà tó le máa ń na pákó lẹ́gba. Pákó yìí ń dán. Ẹni tó gé e kọ́kọ́ dẹ̀ ẹ́, kí irin tó gbé àwọn wáyà dúró má baà là. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí ìṣó ló sì fi dẹ̀ ẹ́. Tèmi wà nínú ọkọ̀ látàná. Ta ló tún ní irú ẹ̀ nílùú yìí?"

Ọ̀gá fọwọ́ kan irin náà.

"Mi ò lè jẹ́ kí irin yẹn là," ó wí. "Píánò ò ṣẹ̀ mí."

"Èmi wá ńkọ́, sà?"

"Ogójì ọdún ni àwọn oníbàárà fi ń wá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ ń bá wọn délé. Ta ló máa rántí mi? Mo rò pé tí wọ́n bá lé ẹ, wàá padà sọ́dọ̀ mi."

Inú Àǹtí Píánò bàjẹ́ ju bó ṣe bínú lọ. Bàbá yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́.

"Ṣé kí n pe ọlọ́pàá?" Màmá bèèrè.

"Ẹ má pè wọ́n, mà." Ó lọ gbé wáyà tuntun wá, ó kó o lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ jókòó, sà. Ogún ni."

Ọ̀gá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so wáyà. Màmá wò ó títí ó fi so ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ló kọjú sí Àǹtí Píánò.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ní píánò tí kò dún mọ́. Lọ bá a lọ́la. Má mú ẹni yìí dání."